Ohun Tí A Fẹ̀sọ̀ Mú Kì Í Bàjẹ́: Bí Gíà Alùpùpù Àtijọ́ Ṣe Lè Máa Wọlé Wọ́ọ́rọ́wọ́

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa, tí ó jẹ́ mẹkáníìkì, bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wa. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín fún àǹfààní àwọn tí kò lè wá.)

  Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́, mo sọ fún un pé iṣẹ́ tí mo mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Alùpùpù ni, pàápàá àwọn ti àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín. Ó ní òun gan-an ni àwọn fẹ́ gbọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ gíà ni mo gbé wá.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni gíà alùpùpù ń wá nínú ìpàdé ọmọ Yorùbá. Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú àwọn bàbá wa tí wọ́n ti pẹ́ ní ìlú yìí, àwọn kan ra alùpùpù nígbà ọ̀dọ́ wọn. Òun ni wọ́n ń gùn lọ sí iṣẹ́ òru, òun ni wọ́n sì gùn lọ fẹ́ ìyàwó. Nígbà tí ọmọ dé, tí wọ́n ra mọ́tò, wọ́n tì í sínú ṣẹ́ẹ̀dì, wọ́n da aṣọ bò ó. Lónìí, bàbá ti darúgbó, tàbí kí ó ti re ibi àgbà ń rè, ọmọ wá gbé alùpùpù jáde. Ẹ́ńjìnnì jí. Ṣùgbọ́n bí ó ti fẹ́ ki gíà báyìí, ó gbọ́ "gbàgà!", alùpùpù fò síwájú bí ewúrẹ́ tí ó já okùn. Bí ó bá dúró níbi iná títì, kò rí fírì mọ́. Ohun tí ẹ ó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Gíà rẹ̀ ti bàjẹ́."

Láti ibẹ̀, ọ̀kan nínú ohun méjì ni í ṣẹlẹ̀. Àwọn kan á tà á ní owó pọ́ọ́kú fún ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń rà. Àwọn mìíràn á máa fi ipá ki gíà náà, títí ohun tí kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ yóò fi bàjẹ́ ní tòótọ́. Méjèèjì kò dára. Ogún bàbá kì í ṣe ohun tí a ń fi sọ̀kò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò pọ̀. Bí gíà alùpùpù àtijọ́ bá ń le, tàbí tí ó ń han, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti inú gíábọ́ọ̀sì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìta, níbi tí kò ní ná yín lówó. Àwọn àgbà ní ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ tó dé àárín, ẹ ó ti rí ohun tí ó ń ṣe é.

ALÙPÙPÙ WO NI À Ń SỌ?

Alùpùpù àtijọ́ pọ̀: BSA wà, Norton wà, Velocette wà, Triumph sì wà. Kí ọ̀rọ̀ wa má baà fọ́n ká, Triumph 650 ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni mo ń bá pàdé jù lọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa. Àwọn tí ó jẹ́ Thunderbird, Trophy àti Bonneville ni mo ń wí. Bonneville jáde fún ọdún 1959. Meriden, nítòsí ìlú Coventry, ni wọ́n ti ṣe wọ́n. Coventry gan-an ni ilé iṣẹ́ náà wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì bà á jẹ́ ní 1940, ni wọ́n bá kó lọ sí Meriden ní 1942. Ilé iṣẹ́ Meriden kógbá sílé ní 1983. Triumph tí wọ́n ń ṣe lónìí, láti Hinckley ni ó ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fòyà, àwọn ènìyàn ṣì ń ṣe ẹ̀yà ara àwọn ti àtijọ́ yìí, wọ́n sì ń tà á.

Títí di 1962, gíábọ́ọ̀sì Triumph 650 dá dúró sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Láti ti ọdún 1963 ni wọ́n ti sọ méjèèjì di ara kan. Àwọn ti 1963 sí 1970 ni ọ̀rọ̀ mi bá mu jù. Gíà mẹ́rin ni wọ́n ní, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni a sì fi ń kì í. A ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún gíà kìn-ín-ní, a ó sì máa fi orí bàtà gbé e sókè fún àwọn yòókù. Fírì wà láàárín gíà kìn-ín-ní àti èkejì.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ alùpùpù nílé, lórí Honda, Suzuki tàbí Bajaj, ẹsẹ̀ òsì ni ẹ fi ń ki gíà, ọ̀tún ni bíréèkì ẹ̀yìn. Lórí Triumph àtijọ́, òdì kejì ni. Kí ẹ tó jáde sí títì, ẹ wá àyè gbalasa kan, kí ẹ gùn ún níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ yín yóò fi mọ̀ ọ́n. Nítorí bí ènìyàn bá fẹ́ tẹ bíréèkì, tí ó wá lọ tẹ gíà, ọ̀rọ̀ di ti ilé ìwòsàn. Ìgbà tí òfin Amẹ́ríkà ní kí gíà gbogbo alùpùpù tuntun tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án 1974 wà lápá òsì ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yí tiwọn padà.

BÍ GÍÀ ṢE Ń WỌLÉ

Láyé àtijọ́ pátápátá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ki gíà alùpùpù. Irin kan á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì epo. Ní nǹkan bí 1928 ni Harold Willis ti ilé iṣẹ́ Velocette ṣe irú èyí tí ẹsẹ̀ ń kì, tí pẹ́dà á padà sí àyè rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé, nínú gíábọ́ọ̀sì yìí, eyín gíà ti wọ inú ara wọn ní gbogbo ìgbà. Kì í ṣe eyín ni a ń kì bọ inú eyín nígbà tí a bá tẹ pẹ́dà. Àwọn gíà kan ní èékánná irin ńlá ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí a bá tẹ pẹ́dà, gíà kan á rìn lórí ọ̀pá rẹ̀, èékánná rẹ̀ á wọ inú ihò ìkejì rẹ̀, wọ́n á sì máa yí pọ̀. Ìyẹn ni kíki gíà.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé Èkó rí mọ bí a ti í fò wọ mólúè tí kò dúró. Bí o bá dúró gbagidi tí o na ọwọ́ mú un, yóò fà ọ́ lápá já. Bí o bá ń sáré tẹ̀ lé e, tí eré yín bá dọ́gba, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ìwọ yóò gun orí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èékánná gíà rí. Bí eré ìhà méjèèjì kò bá dọ́gba, wọ́n á gbá ara wọn, ìyẹn ni "gbàgà" tí ẹ ń gbọ́.

Kúlọ́ọ̀ṣì ló ń mú kí eré wọn lè dọ́gba. Òun ni ó ń já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára gíábọ́ọ̀sì fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí gíà tó rìn. Ní Triumph 650, inú àpótí ṣéènì lápá òsì ni ó wà. Pléètì mẹ́fà tí wọ́n lẹ nǹkan mọ́ kí ó lè dì mú, àti àwọn pléètì irin lásán láàárín wọn, ni ó tò lé ara wọn bí àwo abúlé. Sípíríǹgì mẹ́ta ló ń tẹ̀ wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá fa ọwọ́ kúlọ́ọ̀ṣì, wáyà á fa irin kan nínú gíábọ́ọ̀sì lápá ọ̀tún, irin yẹn á ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó gba inú ihò ọ̀pá gíà kọjá, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yìí á sì ti pléètì òde síta kí àwọn pléètì lè tú ara wọn sílẹ̀.

Ìrìn tí pléètì òde ń rìn kéré púpọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí wáyà bá gùn díẹ̀, tí sukúrúù kan bá kúrò ní àyè rẹ̀ díẹ̀, tí sípíríǹgì kan bá le ju èkejì lọ, àwọn pléètì kò ní tú sílẹ̀ tán. Ẹ̀yin rò pé ẹ ti fa kúlọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ṣì ń fa gíábọ́ọ̀sì lọ. Gíà á wá le, gbogbo ènìyàn á sì ní gíà ti bàjẹ́.

TA LÓ JẸ̀BI?

Kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìdájọ́. Ẹ gbé alùpùpù dúró lórí ìdúró àárín, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ọwọ́ máa yí táyà ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń ki gíà lọ́kọ̀ọ̀kan, sókè sódò. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń wọlé, tí fírì sì rọrùn láti rí, gíábọ́ọ̀sì yín ń bẹ láàyè. Bí wàhálà bá wá dé kìkì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, pàápàá nígbà tí ẹ bá dúró sójú kan, kúlọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ mú, òun ni olè.

Ṣùgbọ́n bí gíà kan ṣoṣo bá kọ̀ tí àwọn yòókù ń gbà, tàbí tí gíà bá ń fò jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, ìyẹn ti ọwọ́ kúlọ́ọ̀ṣì kúrò. Ó lè jẹ́ pé èékánná ti jẹ, etí rẹ̀ ti yí róbótó, tàbí pé irin tí ó ń ti gíà kiri ti tẹ̀. Irú èyí ni a ń torí rẹ̀ ṣí gíábọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan ti èyí lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa gbé Triumph bàbá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n sọ fún un pé gbogbo gíà ni kí ó pààrọ̀. Iye tí wọ́n pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí ó lè ta alùpùpù náà, ni ó bá fẹ́ tà á. Ó bá mi sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ kan, mo ní kó gbé e wá ní Sátidé. A yí táyà, gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé. Wáyà kúlọ́ọ̀ṣì gbẹ bí igi oko, sukúrúù àárín kò sí ní àyè rẹ̀, sípíríǹgì mẹ́ta kò sì dọ́gba. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti parí rẹ̀. Wáyà tuntun kan àti ọ́ìlì ni ó rà. Alùpùpù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní, ó sì ń gùn ún.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a tò ó bí a ó ti ṣe é. Ẹ má fo ọ̀kan lọ sí èkejì.

ÈKÍNNÍ: TÍTÚ PLÉÈTÌ LÓWÙÚRỌ̀

Bí alùpùpù bá sùn mọ́jú, ọ́ìlì inú àpótí ṣéènì a máa lẹ àwọn pléètì pọ̀, pàápàá nígbà òtútù ìlú yìí. Kí ẹ tó ṣí iná ẹ́ńjìnnì, ẹ fa ọwọ́ kúlọ́ọ̀ṣì dé ìdí, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ kíkì sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní àkọ́kọ́, kíkì á le, nítorí ó ṣì ń yí ẹ́ńjìnnì. Bí àwọn pléètì bá ti tú, ẹ ó rí i pé kíkì lọ sílẹ̀ fúyẹ́. Ìgbà náà ni kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Kò tó ìṣẹ́jú kan, owó rẹ̀ kò sí, ó sì ń mú ariwo gíà àkọ́kọ́ òwúrọ̀ kúrò.

ÈKEJÌ: WÁYÀ ÀTI ỌWỌ́ KÚLỌ́Ọ̀ṢÌ

Ẹ yọ wáyà, kí ẹ wò ó láti orí dé ìdí. Bí fọ́nrán rẹ̀ kan bá ti já, ẹ ra tuntun. Bí ó bá dá pé ṣùgbọ́n tí ó gbẹ, ẹ so ó rọ̀, kí ẹ máa kán ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i títí yóò fi jáde nísàlẹ̀. Àwọn wáyà tuntun tí ó ní ọ̀rá nínú kò nílò ọ́ìlì. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ má jẹ́ kí ó ṣẹ́ kọ́rọ́ níbì kankan, kí ẹ sì yí ọwọ́ alùpùpù sọ́tùn-ún sósì láti rí i pé kò fà á.

Ẹ wo ọwọ́ kúlọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ náà. Bí ihò ibi tí ó ti ń mì bá ti gbòòrò, ara ìrìn tí wáyà yẹ kí ó rìn ni ó ń jẹ. Bákan náà, àwọn ọwọ́ tuntun kan wà tí ó jọ ti àtijọ́ lójú, ṣùgbọ́n tí wọn kì í fa wáyà tó ti àtijọ́. Kí ẹ tó sọ ti àtijọ́ nù, ẹ fi ojú ìwọ̀n wọn méjèèjì wéra.

ÈKẸTA: SUKÚRÚÙ ÀÁRÍN KÚLỌ́Ọ̀ṢÌ

Èyí ni ó ń gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Lára àpótí ṣéènì lápá òsì, ìdérí ńlá kan wà tí a ń ṣí láti da ọ́ìlì sí i. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí sukúrúù kan láàárín kúlọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tí ó dè é mọ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dẹ wáyà pátápátá láti òkè. Ẹ tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀. Ẹ rọra yí sukúrúù wọlé títí ọwọ́ yín yóò fi mọ̀ pé ó ti kan ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú. Ẹ má fún un. Ẹ wá dá a padà síta ní ìdajì ìyípo kan, kí ẹ fi sukudíráfà dì í mú bí ẹ ti ń dè nọ́ọ̀tì rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó padà sí wáyà. Ẹ fà á títí ọwọ́ kúlọ́ọ̀ṣì yóò fi ní àyè kékeré, bí mìlímítà 3, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí kò bá sí àyè rárá, kúlọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, pléètì á sì jóná. Bí àyè bá pọ̀ jù, pléètì kò ní tú. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ènìyàn á máa fa wáyà láti òkè nìkan, wọn kò ní fọwọ́ kan sukúrúù àárín. Bí ènìyàn bá ń gun igi láti orí ewé ni.

ÈKẸRIN: SÍPÍRÍǸGÌ MẸ́TA GBỌ́DỌ̀ DỌ́GBA

Fún èyí, ẹ ó fa ọ́ìlì àpótí ṣéènì jáde, kí ẹ sì ṣí gbogbo ìdérí rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ́ńjìnnì kò sí ní títàn. Kí ẹnìkan bá yín fa ọwọ́ kúlọ́ọ̀ṣì mú, kí ẹ̀yin máa tẹ kíkì, kí ẹ sì máa wo pléètì òde bí ó ti ń yí. Ó yẹ kó yí gún régé, bí ọlọ tí kò mì. Bí ó bá ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá kan pléètì ń tú, apá kejì ṣì ń dì mọ́ra. Ẹ dè nọ́ọ̀tì sípíríǹgì tí ó wà níbi tí pléètì ti yọ síta jù, tàbí kí ẹ dẹ èyí tó kọjú sí i, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tún dán an wò, títí yóò fi yí tààrà. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ nípa mímú kí orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dọ́gba pẹ̀lú òpin irin tí ó wà lórí rẹ̀.

Nọ́ọ̀tì yìí ní ojú méjì tí sukudíráfà lásán kò lè mú, nítorí irin àárín rẹ̀ yọ síta. Ẹ mú sukudíráfà àtijọ́ kan tí ó fẹ̀, kí ẹ gé àárín ẹnu rẹ̀ kúrò. Irin iṣẹ́ yín nìyẹn.

ÈKARÙN-ÚN: PLÉÈTÌ ÀTI ILÉ RẸ̀

Bí gbogbo èyí kò bá tó, ẹ yọ pléètì síta. Ẹ gbé àwọn ti irin lásán sórí dígí títẹ́jú. Èyí tó bá mì lórí rẹ̀ ti ká, ẹ sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná ọwọ́ yín tọ ojú ihò gbọọrọ ilé kúlọ́ọ̀ṣì, níbi tí etí pléètì ń wọ̀. Bí etí pléètì bá ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Inú kòtò yẹn ni pléètì ń há sí nígbà tí ó yẹ kó yọ síta. Bí kòtò náà kò bá jìn, ẹ fi fáìlì irin rọra dán an. Bí ó bá jìn, ẹ ra ilé mìíràn, nítorí bí ẹ bá fá a jù, pléètì á máa jó nínú rẹ̀.

ÈKẸFÀ: ỌWỌ́ ỌTỌ̀ỌTỌ̀ NI ỌÌLÌ

Títí di 1969, ọ́ìlì ní ilé mẹ́ta lára alùpùpù yìí, wọn kì í sì í pàdé: ti ẹ́ńjìnnì, ti àpótí ṣéènì, àti ti gíábọ́ọ̀sì. Àpótí ṣéènì ń gba mìlílítà 350 ti ọ́ìlì fẹ́lẹ́, SAE 20. Bí ẹ bá da èyí tó ki sí i, pléètì á máa lẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé ọbẹ̀ ewédú ni wọ́n wà nínú rẹ̀. Láti ti ọdún 1970, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni ó ń dé ibẹ̀, nítorí náà, ẹ wo ìwé ìtọ́ni ti ọdún tiyín.

Gíábọ́ọ̀sì ń gba mìlílítà 500 ti ọ́ìlì gíà, EP 90. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ GL-4 sí lára, kí ó má baà pa àwọn bàbà inú rẹ̀ lára. Nínú bóòtù tí a fi ń da ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì nù, sukúrúù kékeré kan wà láàárín rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ rọ ọ́ìlì, èyí tí ó bá lé á kán jáde. Bí ó bá dákẹ́ kíkán, ó ti tó nìyẹn.

ÈKEJE: PẸ́DÀ, KÍ Ẹ TÓ KAN GÍÀ

Ní ìkẹyìn, ẹ di pẹ́dà gíà mú kí ẹ mì í. Bí ó bá ń mì lórí irin tí a dè é mọ́, apá kan agbára ẹsẹ̀ yín kò dé ibi iṣẹ́. Ẹ dè bóòtù rẹ̀. Bí eyín inú rẹ̀ bá ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé e sí ibi tí ẹsẹ̀ yín á fi dé abẹ́ rẹ̀ láì gbé gìgísẹ̀ kúrò. Bí pẹ́dà kò bá padà sí àyè rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ tẹ̀ ẹ́, sípíríǹgì inú ìdérí òde ló ti rẹ̀, a sì lè pààrọ̀ ìyẹn láì tú gíà.

Lábẹ́ gíábọ́ọ̀sì ọ̀pọ̀ àwọn ti ìgbà náà, sípíríǹgì mìíràn wà tí ó ń ti irin kékeré kan láti di gíà mú sí àyè rẹ̀. Bí gíà bá ń fò jáde, ẹ yẹ òun wò kí ẹ tó ṣí inú. Ẹ gbé nǹkan sábẹ́ rẹ̀ o, ọ́ìlì á dà. Bí èyí náà kò bá mú un, nígbà náà ni ó kan gíábọ́ọ̀sì. Ẹ gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe fún un.

BÍ Ẹ Ó TI MÁA KI GÍÀ

Alùpùpù yìí kì í ṣe ti òde òní tí ènìyàn lè máa fi ìkánjú gbá nídìí. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò lójú kan, ẹ fa kúlọ́ọ̀ṣì, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí inú gíábọ́ọ̀sì tó fara balẹ̀, kí ẹ tó tẹ gíà kìn-ín-ní. Bí ẹ bá ń gòkè, ẹ dẹ ọwọ́ epo, ẹ dúró díẹ̀, ẹ gbé pẹ́dà sókè dé òpin, kí ẹ tó tú kúlọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fún ẹ́ńjìnnì ní epo díẹ̀ kí eré rẹ̀ lè bá ti gíà ìsàlẹ̀ dọ́gba. Rántí mólúè. Bí ẹ bá sì ti ń sún mọ́ iná títì, ẹ wá fírì nígbà tí táyà ṣì ń yí díẹ̀, ó rọrùn ju ìgbà tí ẹ bá ti dúró tán lọ. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í nini lára.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ fi etí sí. Láti oṣù karùn-ún 2018, ọkọ̀ tàbí alùpùpù tí ó bá ti lé ní ogójì ọdún, tí wọn kò sì yí ìpìlẹ̀ rẹ̀ padà, kò pọn dandan kí ó lọ fún àyẹ̀wò MOT mọ́ ní ilẹ̀ yìí. Àwọn kan ń yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: kò sí ẹni tí yóò sọ fún yín mọ́ pé kúlọ́ọ̀ṣì yín kò tú. Alùpùpù tí kúlọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò tú tán lè wọ́ ènìyàn lọ síwájú níbi tí àwọn ọmọdé ti ń sọdá. Òfin ṣì dá yín lẹ́bi bí ẹ bá gbé ohun tí kò dára jáde sí títì. Ẹ̀yin fúnra yín ni aláyẹ̀wò.

Ẹ̀yin òbí, bí bàbá bá ṣì wà láàyè, ẹ jẹ́ kí ó jókòó ti ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Ó mọ ìró alùpùpù náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí ọmọ bá sì ń gbọ́ "fa á díẹ̀, ó tó, dè é" lẹ́nu bàbá rẹ̀ ní Yorùbá, iṣẹ́ méjì ni ó ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.  Ọlọ́run á jẹ́ kí a máa rìn ní ọ̀nà ire, a kò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. (Àmín o.)

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ

Ọ̀dọ́kùnrin kan béèrè bóyá kí òun kúkú ra sípíríǹgì kúlọ́ọ̀ṣì tí ó le jù, kí gíà lè rọrùn.

Ìdáhùn: Rárá o. Sípíríǹgì tí ó le wà fún kúlọ́ọ̀ṣì tí ó ń yọ̀, ìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ké tí alùpùpù kò lọ. Tìrẹ kò tú ni. Bí o bá fi èyí tó le sí i, ọwọ́ rẹ ni yóò máa dùn ọ́, gíà kò sì ní rọrùn sí i.

Ìyá kan ní ọmọ òun obìnrin fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ agbára ni.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kó wá, mà. Nínú ohun méje tí mo kà sílẹ̀, èwo ló fẹ́ agbára níbẹ̀? Ọwọ́ tí ó mọ ìgbà tí sukúrúù kan ọ̀pá inú ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ẹni tí ó bá ní agbára púpọ̀ gan-an ni ó ń já ẹnu bóòtù.

Bàbá kan béèrè bóyá èyí wúlò fún alùpùpù tí àwọn ènìyàn wa ń gùn nílé.

Ìdáhùn: Ó wúlò, sà. Púpọ̀ nínú àwọn ti Japan àti ti Íńdíà náà ní pléètì kúlọ́ọ̀ṣì tí ó wà nínú ọ́ìlì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọ́ìlì kan ṣoṣo ni ẹ́ńjìnnì, kúlọ́ọ̀ṣì àti gíà sábà máa ń lò. Nítorí náà, bí gíà bá ń le, kí wọ́n kọ́kọ́ wo wáyà, kí wọ́n sì pààrọ̀ ọ́ìlì. Láti ìta ni kí àwọn náà ti bẹ̀rẹ̀.